Ojú Ìyàwó Ni Màmá Fi Ń Gbóòórùn

Àwọn tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà nìyí, mi ò yọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀.

Màmá Onímú, ìyá ọkọ mi, tó ni ilé iṣẹ́. Ọkọ mi, tó ń tọ́jú iná ilé èéfín, tí ojú rẹ̀ fi máa ń pọ́n bíi ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sunkún tán. Àǹtí Ọlọ́bẹ, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin, tí ọ̀bẹ rẹ̀ mú, ṣùgbọ́n tí ẹnu rẹ̀ mú jù ú lọ. Ọ̀gá Alásè, tó wá láti òtẹ́ẹ̀lì ńlá. Onífọ́tò tó tẹ̀lé e wá. Ológbò ilé, tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà nítorí pé wọn kì í jẹ́ kó wọlé. Àti Ìyàwó.

Ìyàwó yẹn, èmi náà ni. Ọdún mọ́kànlélógójì ti kọjá lórí ọ̀rọ̀ náà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bí ẹni ń sọ ti ẹlòmíràn, nítorí bí mo bá ń wí pé "mo ṣe báyìí, mo ṣe báyìí," n ó máa gbè sẹ́yìn ara mi láìmọ̀. Ẹni tó bá ń sọ ti ẹlòmíràn kì í gbàgbé nǹkan kan.

Béékìn ni iṣẹ́ ilé wọn. Fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, ẹran ẹlẹ́dẹ̀ ni, tí wọ́n fi iyọ̀ pa lára, tí wọ́n sì gbé kọ́ sínú èéfín títí ara rẹ̀ á fi pọ́n bíi pákó àga tó ti gbó. Odindi ìhà ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n ń lò. Wọ́n á fi iyọ̀, ṣúgà díẹ̀ àti ata dúdú ra á, wọ́n á tò ó sórí pákó nínú yàrá tútù. Láràárọ̀ ni wọ́n ń yí i: ti ìsàlẹ̀ á bọ́ sókè, ti òkè á bọ́ sísàlẹ̀, kí omi iyọ̀ lè kárí. Lẹ́yìn ọjọ́ méjìlá, wọ́n á fọ̀ ọ́, ó di ọ̀dọ̀ èéfín.

Ibi tó ki lẹ́bàá èjìká ni wàhálà wà. Iyọ̀ lè má débẹ̀. Ara ẹran á máa dán lóde, inú rẹ̀ á ti máa kan. Ojú ò lè rí i. Imú nìkan ló lè mọ̀ ọ́n.

Ìdí nìyẹn tí abẹ́rẹ́ eegun fi wà. Eegun tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, tí ìyá tó bí Màmá ti gbẹ́ kí wọ́n tó bí Màmá fúnra rẹ̀. Màmá á gún un wọnú ẹran, á fà á yọ, á gbé e símú kíá kí òórùn rẹ̀ tó fò lọ. Á wá dájọ́. "Ó dára." Tàbí, "Ẹ gbé e sọnù." Kò sí ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Ó fi ọra dí ojú ihò náà, ó kọjá sí èkejì. Gbogbo àdúgbò ló ń pè é ní Màmá Onímú, àwọn tí kò jẹ ẹlẹ́dẹ̀ rí náà ń pè é bẹ́ẹ̀.

Iṣẹ́ Ìyàwó ni kó máa gbé bàsíà omi gbígbóná tẹ̀ lé e, kí Màmá lè máa fọ abẹ́rẹ́ náà. Apá ọ̀tún ni ó máa ń dúró, kò jìnnà ju ìgbọ̀nwọ́ kan lọ. Òórùn ẹran ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ bó ṣe ń dé ọ̀dọ̀ Màmá. Kò pẹ́ tí imú tirẹ̀ náà fi di imú. Bí ẹran bá ti kan, kó tó mọ̀, ó ti yínmú.

Ní ọdún kẹta tó wọlé ọkọ ni èèrà kan wọnú bàtà rẹ̀.

Màmá ṣẹ̀ṣẹ̀ fa abẹ́rẹ́ yọ lára ẹran kan tí kò ní àbùkù kankan. Bó ṣe gbé e símú ni èèrà bu Ìyàwó jẹ ní àtàǹpàkò ẹsẹ̀. Ìyàwó ò lè ju bàsíà sílẹ̀. Ó fún ojú pọ̀, ó yínmú, ó di eyín.

"Ẹ gbé e sọnù," ni Màmá wí.

Ọkọ Ìyàwó ní, "Màmá, èyí tó dáa jù yìí?"

"Ṣé imú tìrẹ là ń lò ni, àbí imú tèmi?"

Wọ́n gbé e sọnù. Ológbò ilé pe àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, wọ́n jẹ ẹ́ fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko, kò sí ọ̀kan tí inú run nínú wọn.

Ọ̀rọ̀ náà ò kúrò lọ́kàn Ìyàwó. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó mọ̀ọ́mọ̀ yínmú sí ẹran mìíràn tó dáa.

"Hùn-ún," ni Màmá wí. "Ẹ jẹ́ kí n tún un gún."

Ó tún un gún. Lọ́tẹ̀ yìí Ìyàwó jẹ́ kí ojú rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ.

"Ó dára," ni Màmá wí.

Nígbà náà ni gbogbo rẹ̀ yé e. Lọ́dún tó kọjá, òtútù burúkú kan dá Màmá dùbúlẹ̀ fún odindi oṣù kan. Ó dìde, ṣùgbọ́n imú rẹ̀ kò bá a dìde. Láti ìgbà náà, bó bá ti gbé abẹ́rẹ́ símú, á fi igun ojú wo Ìyàwó. Ohun tó bá rí lójú rẹ̀ ló ń pè ní òórùn.

Ìyàwó ò sọ fún ẹnikẹ́ni, kò sọ fún ọkọ rẹ̀ pàápàá. Màmá náà ò sọ nǹkan kan. Wọ́n kàn jọ ń ṣe é lọ bẹ́ẹ̀, lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ọ̀kan ń wò, èkejì ń fi ojú dáhùn. Inú Ìyàwó dùn sí i. Ó dà bí ẹni pé òun àti ìyá ọkọ òun jọ ní yàrá kan nínú ilé tí ẹlòmíràn ò ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹran ṣe ń kan náà ni adùn àṣírí ṣe ń kan, láti inú wá ni.

Lẹ́tà òtẹ́ẹ̀lì ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Òtẹ́ẹ̀lì náà ń wá ilé kan tí yóò máa fún wọn ní béékìn. Ilé mẹ́ta ni ọ̀gá alásè wọn fẹ́ wò, ọ̀kan ni yóò mú. Ilé iṣẹ́ ẹlẹ́rọ kan ti ṣí lápá kejì ìlú nígbà náà, àwọn oníbàárà sì ti ń dínkù. Màmá kó gbogbo ilé jọ sínú ṣọ́ọ̀bù, ó ka lẹ́tà náà lẹ́ẹ̀mejì.

"Bí wọ́n bá mú wa, a ń ṣe é lọ nìyẹn," ó ní. "Bí wọn ò bá mú wa, n ó ti ilẹ̀kùn ilé èéfín. Mi ò ní fi ọjọ́ ogbó bá ẹ̀rọ díje."

Ó wà nínú lẹ́tà náà pé onífọ́tò kan ń bọ̀, pé yóò ya ẹni tó ni imú tí wọ́n ń ròyìn yẹn, fọ́tò rẹ̀ yóò sì wà lára ògiri òtẹ́ẹ̀lì.

Ìyàwó ra gèlè aláwọ̀ ojú ọ̀run. Ó lọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ó ti rò ó pé ẹni tó ń dúró lápá ọ̀tún Màmá lójoojúmọ́, lápá ọ̀tún rẹ̀ náà ni yóò dúró nínú fọ́tò.

Nígbà tó ku ọ̀la, Màmá tò wọ́n bí ọmọ iléèwé, ó ń sọ ibi tí oníkálùkù máa dúró.

"Ìyàwó, gbé bàsíà rẹ dání, ṣùgbọ́n kí o sún sẹ́yìn díẹ̀, kó má wọ fọ́tò. Bàsíà yẹn ti họ."

Ìyàwó ní, "Ṣé bàsíà ni kó má wọ fọ́tò ni, Màmá, àbí èmi?"

"Ṣebí ẹ̀yin méjèèjì lẹ jọ ń rìn."

Àǹtí Ọlọ́bẹ rẹ́rìn-ín títí ó fi gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. "Bàsíà àti ìyàwó ẹ̀," ó ní. "Gèlè tuntun ni bàsíà máa wé lọ́la." Ọkọ Ìyàwó náà rẹ́rìn-ín sínú ọwọ́ rẹ̀, ó rò pé Ìyàwó ò rí òun.

Ìyàwó bá wọn rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ti wọ̀ ọ́ níkùn, ó jókòó síbẹ̀, kò dìde.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, òun ló kọ́kọ́ dé yàrá tútù. Ìhà márùn-ún ni yóò gbé kọ́ fún àlejò. Ó ń gbé imú sí èjìká ọ̀kọ̀ọ̀kan bó ṣe máa ń ṣe nígbà tó bá ku òun nìkan. Ìkíní dára. Ìkejì dára. Ìkẹta, tó wà lórí pákó ìsàlẹ̀ ní kọ̀rọ̀, ti kan. Kò kan púpọ̀. Àmọ́ ó ti kan.

Ó ti dì í mú láti gbé e jáde. Ẹ gbà mí gbọ́, ọwọ́ rẹ̀ ti dì í mú.

Ìgbà náà ni èrò náà dé, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, bí àlejò tó mọ ilé. Bó bá gbé ẹran yìí kọ́ ńkọ́? Màmá á gún un. Màmá á wo ojú rẹ̀. Ojú rẹ̀ á dákẹ́. Màmá á ní ó dára. Ọ̀gá Alásè kì í ṣe ọmọdé, òun náà á gbóòórùn rẹ̀. Nígbà náà ni Ìyàwó á wá rọra jáde síwájú, á ní, "Ẹ jọ̀ọ́ ọ̀gá, ẹ jẹ́ kí n bá yín wò ó." Á gbóòórùn, á sọ bó ṣe rí gan-an, gbogbo ayé á mọ imú ẹni tó ń bọ́ ilé yìí.

Ẹnikẹ́ni ò ní jẹ ẹran náà. Ẹnikẹ́ni ò ní kú. Irọ́ wo ló sì wà níbẹ̀? Kò ní la ẹnu sọ irọ́ kankan. Ojú rẹ̀ ni kò kàn ní sọ̀rọ̀.

Ó gbé e kọ́. Ìkẹta, láàárín àwọn tó dára.

Bó ṣe ń jáde, ó kọjá lẹ́nu ọ̀nà yàrá ìgẹran, ó ní, "Àǹtí, ẹ ti pààrọ̀ ọṣẹ ìwẹ̀ yín. Tòní ń ta sánsán bí ọsàn."

"Imú ajá," ni Àǹtí Ọlọ́bẹ dáhùn, kò gbójú sókè.

Ọ̀gá Alásè dé ní agogo mẹ́wàá. Ọkùnrin gíga kan ni, ó gbẹ bí igi ìgbálẹ̀.

Àǹtí Ọlọ́bẹ rọra sọ sí Ìyàwó létí pé, "Alásè tó gbẹ báyìí. Ṣé ó ń jẹ oúnjẹ tó ń sè ṣá?"

Onífọ́tò tẹ̀ lé e, ó kó ẹ̀rọ mẹ́ta kọ́rùn bí ẹni ń ta wọ́n. Wọ́n fọwọ́, wọ́n wọ aṣọ funfun, wọ́n dé fìlà funfun. Ọ̀gá Alásè béèrè ohun gbogbo. Iyọ̀ wo ni? Ọjọ́ mélòó? Ta ló ń yí i? Kí ló dé tí ẹ kì í lo ẹ̀rọ? Màmá ń dá a lóhùn bí ẹni ń ka ìwé tó mọ̀ sórí.

Ọkọ Ìyàwó mú wọn wọ ilé èéfín, ó fi bí wọ́n ṣe ń bo iná mọ́lẹ̀ hàn wọ́n, kó máa rú láìjó. Ìṣẹ́jú kan ò pé tí Onífọ́tò fi jáde, tí omi ń dà lójú rẹ̀.

"Iṣẹ́ yín le o," ó ní.

"Iṣẹ́ náà ò le," ni ọkọ Ìyàwó dáhùn. "Ojú ló gbọ́dọ̀ le."

Inú gbogbo wọn ti ń dùn. Ọ̀gá Alásè ti ń mi orí sí gbogbo nǹkan. Ìyàwó rí i pé ọ̀rọ̀ náà ti fẹ́ yọrí sí rere, ó sì tún lè yọ ẹran yẹn kúrò nígbà náà. Ó kàn lè ní, "Màmá, ẹ jẹ́ kí n pààrọ̀ ọ̀kan." Kò wí i. Bàsíà wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó wà lẹ́yìn, gèlè tuntun wà lórí rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò wò.

Màmá bọ́ síwájú ẹran. Ó fa abẹ́rẹ́ yọ nínú àpò aṣọ rẹ̀ bí ẹni yọ òrùka. Onífọ́tò súnmọ́ ọn.

Ìkíní. Ó gún un, ó fà á yọ, ó gbé e símú. Igun ojú rẹ̀ kan Ìyàwó. "Ó dára."

Ìkejì. "Ó dára."

Ìkẹta. Òórùn náà dé ọ̀dọ̀ Ìyàwó kí abẹ́rẹ́ tó jáde tán. Imú rẹ̀ fẹ́ yín, ó dè é mọ́lẹ̀. Ojú rẹ̀ tẹ́ bí omi inú àwo.

"Ó dára," ni Màmá wí, ó tilẹ̀ rẹ́rìn-ín sí ẹ̀rọ fọ́tò.

"Màmá, ẹ jẹ́ kí èmi náà gbọ́ bí èyí tó dára ṣe máa ń rí," ni Ọ̀gá Alásè wí. Ó gba abẹ́rẹ́, ó gún un, ó fà á yọ, ó gbé e símú. Ó tún un ṣe. Ó nà án sí Onífọ́tò, Onífọ́tò sì fa orí sẹ́yìn bí ẹni tí wọ́n gbá létí.

"Màmá," ni Ọ̀gá Alásè wí jẹ́jẹ́, "èyí ti kan."

Omi ń kán níbì kan.

Ọ̀rọ̀ tí Ìyàwó ti tọ́jú láti àárọ̀ wà lẹ́nu rẹ̀, ó ti pọ́n ọn lá. Ṣùgbọ́n Màmá yíjú sí i. Kò bínú. Ó ń wo ojú rẹ̀ bí ẹni ń wá kọ́kọ́rọ́ níbi tó máa ń fi í sí lójoojúmọ́, tí kò rí i níbẹ̀, tó sì tún ń tọwọ́ bọ ibẹ̀. Gbogbo ọ̀rọ̀ Ìyàwó sá lọ.

Màmá wá yíjú padà sí àlejò.

"Ọ̀gá, mi ò ní parọ́ fún yín nínú ilé ìyá mi. Imú mi ti kú láti ọdún méjì sẹ́yìn. Ojú ìyàwó mi yìí ni mo fi ń gbóòórùn. Kò sì ṣì mí lọ́nà rí. Òtútù ló ń mú un lónìí, ẹ wo bí ojú rẹ̀ ṣe rí. Ẹ̀bi mi ni. Ó yẹ kí n bi í kí n tó bẹ̀rẹ̀."

Ọkọ Ìyàwó la ẹnu, kò pa á dé. Ọ̀bẹ Àǹtí Ọlọ́bẹ dúró lókè.

Kí ni Ìyàwó ṣe? Ìyá ọkọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ aṣọ ara rẹ̀ fi bò ó níṣojú àlejò. Kí ni ó ṣe?

Ó wúkọ́. Ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó sì fa imú, kó lè dáa.

"Ẹ pẹ̀lẹ́," ni Ọ̀gá Alásè wí. "Ta ló wá ń gbóòórùn nínú ilé yìí lónìí?"

Èéfín ti jẹ imú ọkọ Ìyàwó tán láti kékeré. Àǹtí Ọlọ́bẹ ní, "Èmi, ọ̀bẹ ni mo mọ̀." Lẹ́nu ọ̀nà, ológbò dìde, ó na ọrùn sí atẹ́gùn tó ń jáde, ó kẹ̀yìn sí wọn, ó bá tirẹ̀ lọ.

"Ológbò nìkan," ni Onífọ́tò wí. Òun nìkan ló rẹ́rìn-ín, ó sì dá a dúró lágbedeméjì.

Ọ̀gá Alásè bọ́ fìlà funfun, ó ká a. "Màmá, mo bọ̀wọ̀ fún yín. Ẹni tó lè sọ irú òtítọ́ yẹn fún àlejò ò pọ̀. Ṣùgbọ́n oúnjẹ ni. Àwọn èèyàn á jẹ ẹ́." Ó dúpẹ́, wọ́n jáde.

Àǹtí Ọlọ́bẹ ni kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà tutù.

"Ìyàwó, òtútù yẹn, ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀?"

"Àárọ̀ yìí ni, Àǹtí."

"Àárọ̀ yìí náà lo dúró lẹ́nu ọ̀nà, tí o sọ fún mi pé mo ti pààrọ̀ ọṣẹ. O tún mọ̀ pé ọsàn ni."

Ọkọ rẹ̀ wò ó. Màmá náà wò ó.

"Ta ló gbé ẹran yẹn kọ́?" ni Màmá béèrè.

"Èmi ni, Màmá."

"Ṣé o gbóòórùn rẹ̀ kí o tó gbé e kọ́?"

Ìyàwó ń wo inú bàsíà. "Mo gbọ́ ọ, Màmá."

"Kí ló wá dé?"

Gbogbo ìdí ńlá ńlá tó ti kó jọ láti àná, ó wá wọn, ọ̀kan ṣoṣo ló rí. "Nítorí fọ́tò ni, Màmá."

Àǹtí Ọlọ́bẹ fẹ́ rẹ́rìn-ín, kò jáde.

Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í tú okùn aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ lẹ́yìn. Ó pẹ́ kó tó tú. "O mọ̀ pé ojú rẹ ni mo ń wò?"

"Mo mọ̀, Màmá."

"Èmi náà mọ̀ pé o mọ̀. Mo rò pé àdéhùn ni. Mo máa ń sọ fún ara mi pé, ọmọ yìí fẹ́ràn mi débi pé kò jẹ́ kí n bẹ òun."

Ó gbé aṣọ iṣẹ́ náà lé orí àpótí, ó jáde lọ.

Ìyàwó gbé bàsíà sílẹ̀. Ó sáré. Bàtà rọ́bà ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, gbà-gbà-gbà ló ń dún lójú títì. Gèlè aláwọ̀ ojú ọ̀run já bọ́ níwájú ilé kejì, kò padà mú un. Ó bá wọn ní ìkóríta, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tó ń tún bàtà ṣe, wọ́n ń dúró de ọkọ̀.

"Ọ̀gá, òtútù ò mú mi," ó ní, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. "Imú mi ò ní nǹkan kan. Mo ti mọ̀ pé ẹran yẹn kan láti àárọ̀. Èmi ni mo gbé e kọ́ kí ojú lè ti Màmá. Ẹ má fi tèmi jẹ wọ́n níyà."

Ọ̀gá Alásè gbé báàgì ọwọ́ rẹ̀ sókè. "Kí ló wà nínú báàgì mi?"

"Ẹ̀n?"

"Báàgì mi yìí. Mi ò ní ṣí i."

Ìyàwó dijú. "Kọfí. Ọṣẹ. Ewé kan wà níbẹ̀ tó máa ń tu ẹnu lára."

"Ó tán?"

"Ó ku ọ̀kan, ọ̀gá. Ẹ má bínú o. Ìbọ̀sẹ̀ tí wọn ò tíì fọ̀."

Onífọ́tò yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, èjìká rẹ̀ ń mì. Ẹni tó ń tún bàtà ṣe gbé òòlù sílẹ̀ kó lè gbọ́ dáadáa.

"Ilé àbúrò mi ni mo sùn sí lánàá," ni Ọ̀gá Alásè wí, bí ẹni ń rojọ́ nílé ẹjọ́. Lẹ́yìn náà, ojú rẹ̀ le. "Imú rẹ pé. Ojú rẹ ni mi ò gbẹ́kẹ̀ lé."

"Mo mọ̀, ọ̀gá."

"Èmi ò mọ̀ ọ́ rí. Màmá ló mọ̀ ọ́. Padà lọ bi wọ́n. Bí wọ́n bá sọ pé àwọn ṣì lè gba ẹ̀rí rẹ gbọ́, n ó padà wá lọ́jọ́ mẹ́jọ òní. Bí wọn ò bá lè gbà á gbọ́, èmi ta ni?"

Ọ̀nà tó sáré gbà lọ ní ìṣẹ́jú mẹ́ta, ó rìn ín padà fún bí ìdajì wákàtí. Màmá jókòó sórí àtẹ̀gùn ẹ̀yìnkùlé, ológbò wà lórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ìyàwó kúnlẹ̀, ó sọ gbogbo rẹ̀, kò yọ ọ̀kankan.

Màmá ń fọwọ́ pa ológbò lórí.

"Ìbọ̀sẹ̀?" ó ní.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

Ẹ̀gbẹ́ ẹnu Màmá gbọ̀n, ó pa á mọ́. "Mi ò ní wo ojú rẹ mọ́."

Ìyàwó rò pé ó ti parí nìyẹn. Ó tẹ orí ba.

"Gbọ́ mi tán. Ojú lè dákẹ́, kó ní òun ò mọ nǹkan kan. Láti òní lọ, ìwọ ni wàá máa gún un. Ìwọ ni wàá máa gbóòórùn rẹ̀. Ẹnu rẹ ni wàá fi sọ ọ́ sókè, kí gbogbo ilé gbọ́. Ẹnu tó bá sọ ọ́ ni yóò jẹ́jọ́ rẹ̀. Èmi ni n ó máa gbé bàsíà."

"Màmá, ẹ ò lè máa gbé bàsíà fún mi."

"Ta lo rò pé ó ń gbé e kí wọ́n tó gbé ọ wọlé?" Màmá gbé ológbò sílẹ̀. "Dìde. Lọ mú gèlè rẹ lójú títì kí ọkọ̀ tó gun orí rẹ̀."

Ọ̀gá Alásè padà wá lọ́jọ́ mẹ́jọ gan-an. Ìyàwó mú abẹ́rẹ́. Màmá dúró lápá ọ̀tún rẹ̀, ó gbé bàsíà híhọ náà dání bí ọba gbé ọ̀pá àṣẹ.

"Èyí dára." "Èyí dára." "Èyí dára." Ó dé orí ìkẹrin, èyí tó sanra jù, tí ọkọ rẹ̀ ti fi yangàn láti àárọ̀. Ó gún un. Ó gbóòórùn. Ó mọ̀ pé bóun bá sọ ọ́, ilé tí ẹran rẹ̀ kan lẹ́ẹ̀mejì níwájú àlejò lè má rí ìgbà kẹta.

"Èyí ti ń kan lẹ́bàá èjìká," ó wí sókè. "Ẹ gbé e sọnù."

Ọkọ rẹ̀ dijú. Ọ̀gá Alásè gba abẹ́rẹ́. Ó gún un, kò gbọ́ nǹkan kan. Ó tún un gún, kò gbọ́ nǹkan kan. Ẹ̀ẹ̀kẹta ló ti abẹ́rẹ́ jìnnà, tó wá gbọ́ ọ.

"Kékeré ni," ó ní.

"Kékeré ni lónìí, ọ̀gá. Lọ́la ńkọ́?"

Ó bọ́ fìlà, kò ká a. Ó na ọwọ́ sí Màmá, lẹ́yìn náà sí Ìyàwó. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹran fún òtẹ́ẹ̀lì ní ọ̀sẹ̀ yẹn.

Ìgbà tó ń sọ ọ̀rọ̀ ìkẹrin yẹn lọ́wọ́ ni Onífọ́tò tẹ ẹ̀rọ. Ẹnu Ìyàwó là gbàràgàdà nínú fọ́tò náà, ó dà bí ẹni ń pe ẹni tó wà lókè odò. Onífọ́tò ní, "Màmá, ẹ jẹ́ kí wọ́n pa ẹnu dé, kí n tún un yà."

"Fi í sílẹ̀," ni Màmá wí. "Ẹnu yẹn gan-an ni mo fẹ́ máa rí."

Fọ́tò náà wà lára ògiri ṣọ́ọ̀bù títí dòní. Bàsíà wà láàárín rẹ̀ gbọnrangandan. Àwọn ọmọ oníbàárà máa ń béèrè pé ta ni ìyá yẹn ń bá jà.

Màmá ò mẹ́nu kan ọ̀rọ̀ yẹn mọ́ títí ó fi kú. Ṣùgbọ́n kí ọ̀rọ̀ ẹran yẹn tó ṣẹlẹ̀, "ọmọ mi" ni ó máa ń pe Ìyàwó bí inú rẹ̀ bá dùn. Ó lé lọ́dún kan kó tó tún pè é bẹ́ẹ̀. Ìyàwó ń ka oṣù. Mo ń kà á.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ka ìwé yìí, ẹ lè ní ohun tó ti kọjá lọ́dún mọ́kànlélógójì ti di àlọ́. Bó bá di àlọ́ ni, mi ò bá tí gbé gègé ìkọ̀wé.

Adúmáadán, ọmọ ọmọ mi tó ń gbé bàsíà tẹ̀ lé mi báyìí, ìwọ ni mo ń bá wí. Láti ìgbà tí òtútù dá mi dùbúlẹ̀ kẹ́yìn ni imú mi ti ń tàn mí. O ti mọ̀. Lọ́jọ́bọ̀ tó kọjá, mo gbé abẹ́rẹ́ símú, mi ò gbọ́ nǹkan kan. Mo fi igun ojú wò ọ́, o yínmú, mo ní kí wọ́n gbé e sọnù. Èmi tí mo ti búra pé mi ò ní ṣe é láé.

Àwọn àlejò ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé, onífọ́tò wà lára wọn. Bí mo bá ti fa abẹ́rẹ́ yọ, gbà á lọ́wọ́ mi, kí o sì gbé bàsíà fún mi. Má wo ojú mi, èmi náà ò ní wo tìrẹ. Bí ẹran bá kan, má yínmú. La ẹnu rẹ, kí o sọ ọ́.